Ohun Tó Pa Ẹ̀rọ Gìtá Wafil

Ẹ sún mọ́ mi, gbogbo ará Tamanrasset! Ẹ gbé ìkòkò tíì yẹn kalẹ̀ ná, kí ẹnì kan sọ fún awakọ̀ yẹn kó paná ọkọ̀ ẹ̀. Baba Ghabdi, ẹ má tíì wọ ọkọ̀ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ò ṣẹ̀ ló ń lé yín lọ sí Djanet. Èmi Attaher ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí.

Gbogbo yín mọ ẹ̀rọ tí Wafil, ọkọ ọmọ Baba Ghabdi, fi ń mú kí gìtá ẹ̀ dún sókè. Ọjà pọ́ọ́kú ni, ọjọ́ kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ ra tiwa. Tiẹ̀ já bọ́ látorí ràkúnmí, iyanrìn wọ inú ẹ̀, ọmọ ewúrẹ́ tọ̀ sí i lára, ó ṣì ń ké bíi kìnnìún. Tèmi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́, ó dákẹ́. Baba Ghabdi, tó ń tún ẹ̀rọ àwa méjèèjì ṣe, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bó bá sì ti dé, á máa ké bí ẹ̀fọn. Wafil á ní, "Attaher, ṣé àárẹ̀ ń ṣe é ni? Fún un ní wàrà ràkúnmí mu!"

Kí ló wà nínú tiẹ̀ tí ò sí nínú tèmi? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́sàn-án ìgbéyàwó àbúrò Wafil, bí ẹ ṣe ń hú búrẹ́dì taguella jáde nínú iyanrìn gbígbóná, mo yọ́ wọ inú àgọ́. Mo kàn fẹ́ yọjú wò ó ni! Mo tú síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀, kò ṣí. Gọ́ọ̀mù! Tèmi ò ní gọ́ọ̀mù o. Ta ló lẹ tiẹ̀? Mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. "Tẹ́ẹ̀!" Wáyà já. Mi ò tíì rí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí mo fi yára dì í padà, mo sì sá jáde.

Nígbà tó yá, Wafil ta gìtá níwájú àwọn àna. Kò sóhùn. Ẹnì kan pariwo pé, "Baba Ghabdi, ṣé itọ́ lẹ fi lẹ wáyà ẹ̀ ni?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi aláìnítìjú yìí ni ẹ̀rín tèmi dún jù. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé rédíò lásán wá sí ṣọ́ọ̀bù Baba mọ́.

Baba, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan ẹlòmíì bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ fẹnu bi í, ẹ má fi ọ̀bẹ bi í. Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ fi làálì kun ẹ̀yìn sípíkà inú ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ tí mo rà á, kí ojú burúkú má bàa ràn án, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ Wafil rèé, mo ti gbé e wá, ká jọ so wáyà yẹn lójú gbogbo èèyàn. Baba, kí ló dé tí ẹ di ẹ̀rọ mú báyìí? Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti ń ṣí...

Háà! Làálì ìyá mi ló wà lẹ́yìn sípíkà Wafil yìí! Baba, ẹ yọ tèmi fún ọkọ ọmọ yín!