Ògì Tí Wọ́n Ní Kí N Má Tú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ilé yìí lónìí. Ó nídìí tí mo fi sọ pé ẹsẹ̀ ara mi. Bí kì í bá ṣe Òun ni, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ǹ bá wà báyìí, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ì bá sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ mọ̀ mí, èmi Fọlákẹ́ inú ẹgbẹ́ akọrin ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún márùn-ún ni mo lò ní fásitì, ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ẹ̀rí yìí sórí ìwé nítorí pé mi ò fẹ́ fo ibì kankan, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé mo bù mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba máìkì lọ́wọ́ mi kí n tó parí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá iṣẹ́ lókè òkun. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá gbà mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fíìsà jáde. Èmi àti Màámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, à ń sunkún ayọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n pe arìnrìn-àjò síwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wa. Ẹ óò rántí pé èmi nìkan ni lóṣù yẹn. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù mi, wọ́n gbé e sínú àwo, wọ́n gbé àwo náà síwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ kéde orúkọ mi, ìlú tí mò ń lọ, ọjọ́ tí mò ń lọ, títí kan ọkọ̀ òfurufú tí mo máa wọ̀. Gbogbo ẹ̀ náà sì wà nínú ìwé ìkéde tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ta òróró sí mi lórí, mo ṣe Àmín. Ẹ fi ìkéde yẹn àti àwo yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ lórí wọn.

Bí ẹnì kan bá ń lọ òkè òkun láàárín wa, ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. "Bá mi mú irú yìí dání fún ọmọ mi." "Bá mi fún àbúrò mi ní bàtà yìí, kò wúwo." A kì í sọ pé rárá. Ẹni tó bá sọ pé rárá, wọ́n á ní fíìsà ti ń gùn ún. Mo gba irú, mo gba ewúro gbígbẹ, mo gba bàtà ọmọdé, gbogbo wọn ni mo sì tú wò. Ti ẹnì kan péré ni mi ò tú.

Ẹni náà ni Ìyá Tìmí, olórí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ yìí láti fún wa níjòókòó. Òun ló ń pín ìwé ìkéde. Òun ló gbé àwo pásípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ pè é mọ́, mo wá ọ̀wọ̀ náà tì. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún ìjẹta, òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi láti Ọ̀kọ̀tà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi dùn mí wọ egungun.

Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló wá sílé wa ní Òkè-Afá. Àpò kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, okùn dúdú ni wọ́n fi rán ẹnu ẹ̀ pa.

"Nọ́ọ̀sì wa, o ti fẹ́ sá fún wa nìyẹn."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ta ló lè sá fún yín?"

"Ìyàwó àbúrò mi bímọ níbi tó ò ń lọ yẹn. Kò rí ògì mu, ọmú ò sì wá dáadáa. Ògì gbígbẹ lásán ni mo ní kó o bá mi gbé fún un."

Mo nawọ́ sí okùn náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Má tú u o. Mo ti gbé e dé iwájú pẹpẹ, òróró wà lára okùn yẹn. Bó o bá tú u, àdúrà lo tú. Àbí o rò pé mo kó eèrà sínú ẹ̀ ni?"

Ojú tì mí. Ẹ̀yin ará, ìtìjú yẹn ló fẹ́ pa mí. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo máa ń ka ara ìgò oògùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fún aláìsàn ní ẹyọ kan, òróró díẹ̀ àti ojú àgbà ni kò jẹ́ kí n tú okùn. Èmi ni mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo gbé àpò náà sínú báàgì mi, mo dì í mọ́ àárín aṣọ iṣẹ́ mi tuntun.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìrìn àjò yẹn. Àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà, pé kí Olúwa fi ohun tí mi ò mọ̀ hàn mí. Mò ń retí àlá. Kò fún mi lálàá kankan. Òjò ló rọ̀.

Omi gba abẹ́ fèrèsé wọlé, ó rin báàgì mi. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀, oòrùn yọ, Màámi sì tú báàgì láti sá àwọn ẹrù náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màámi jẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ògì ni wọ́n sì fi tọ́ mi dé fásitì. Bí wọ́n bá gbé ògì sí imú, wọ́n á sọ iye ọjọ́ tí àgbàdo ẹ̀ lò nínú omi. Wọ́n gbé ti Ìyá Tìmí sí imú, wọn ò gbóòórùn kíkan rárá. Òórùn káńfọ̀ ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀gàn ńlá ni kí ọmọ àwọn gbé irú ògì bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ. Wọn ò gbọ́ ohunkóhun nípa òróró. Wọ́n fi abẹ já okùn, wọ́n da ògì sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan kí oòrùn lè pa á.

Agogo mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Mò ń di egbò fún ọkùnrin kan tí ẹ̀rọ gé níka nílé iṣẹ́ ike.

"Fọlákẹ́, ẹni tó ṣe ògì yìí gbàgbé ẹrù ẹ̀ sísàlẹ̀ àpò."

"Ẹrù wo, Màámi?"

"Mẹ́rin ni. Ó tó Bíbélì kékeré, wọ́n fi téèpù wé e pinpin. Àbí ọṣẹ ni? Mo ti mú ọ̀bẹ, mo fẹ́ la ọ̀kan wò."

"Ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Kí ló dé tí ohùn ẹ ń gbọ̀n?"

Mo pa fóònù. Ọkùnrin tí mò ń di egbò fún ló fa àga, tó ní kí n jókòó.

Mo délé, mo rí i. Oògùn olóró ni, mẹ́rin, lábẹ́ ògì, káńfọ̀ ni wọ́n fi bo òórùn ẹ̀. Ní ìlú tí mò ń lọ, wọ́n lè bẹ́ orí ẹni tí wọ́n bá ká irú ẹrù yẹn mọ́ lọ́wọ́. Orúkọ mi ló wà lára báàgì. Bí wọ́n bá bi mí ní pápákọ̀ òfurufú pé ṣé èmi ni mo di ẹrù mi, màá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ògì, Màámi sì ń fi aṣọ nù mí lójú bí ẹni pé ibà ló ń ṣe mí.

Pásítọ̀ wa, ẹ̀yin lẹ jókòó síwájú mi yìí, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹ ní kí n gbé ẹrù náà wá sí yàrá àdúrà, pé ẹ ó pe Ìyá Tìmí ní ìkọ̀kọ̀ kí orúkọ Ọlọ́run má baà bàjẹ́. Mo bi yín pé, bí wọ́n bá mú mi pẹ̀lú ẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ dákẹ́. Mo kọ ọ́ síbí pé ẹ dákẹ́. Orúkọ Ọlọ́run kò sí lára báàgì yẹn, Pásítọ̀. Orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀.

Lọ́yà kan tó ń gbé òkè ilé wa ló bá mi pe àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró. Wọ́n wọ aṣọ ilé wá. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí, wọ́n tún bi Màámi ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ògì yẹn ní nǹkan nínú?"

Màámi ní, "Ìwọ, ṣé o ò nímú ni?"

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Wọ́n kó oògùn náà, wọ́n fi iyanrìn dípò ẹ̀, Màámi sì fi okùn dúdú rán àpò náà padà, wọ́n gba inú ihò tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní kí n pe Ìyá Tìmí, kí n sọ pé ẹrù mi ti pọ̀ jù, kó wá mú ògì ẹ̀. Kò pé wákàtí kan tó fi dé.

"Fọlákẹ́, kí lo fẹ́ yọ? Yọ aṣọ. Ṣé wọn ò ní aṣọ lọ́hùn-ún ni?"

"Mà, wọ́n ní ẹrù mi ti lé."

"Yọ bàtà nígbà yẹn. Ìyá ọlọ́mọ ń retí."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ìka tọ okùn ẹnu àpò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nígbà tó rí i pé ó pé, ara ẹ̀ balẹ̀. Màámi sì bọ́ sí pálọ̀ láti inú yàrá. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

"Ìyá Tìmí, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ìyá Tìmí la ẹnu. Kò rí orúkọ kan fi sí i. Ìyá Yorùbá tó ń gbé ògì fún ìyá ọmọ, kò mọ orúkọ ọmọ. Ó wo Màámi, ó wò mí, ó wo àpò. Àwọn agbófinró tó fara pamọ́ sínú ilé ìdáná jáde.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyàlẹ́nu parí sí. Ọ̀gá yẹn gbé fóònù Ìyá Tìmí síwájú mi. Ìwé ìkéde ìjọ wa ló wà níbẹ̀, oṣù lórí oṣù, ó ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan lókè òkun. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi wà níbẹ̀, inú àwo ni ó ti yà á, ẹsẹ̀ pẹpẹ ń hàn lẹ́yìn ẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni pé, "Nọ́ọ̀sì dáa, wọn ò ní fura." Ọ̀gá náà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni àwọn ènìyàn náà wà, ẹni tó ń kó o jáde ò mọ ẹni tó ń gbà á. Àwa la ń bá wọn yan ẹni tó máa gbé e. Àwa la ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tí a tún ń ṣe Àmín sí i.

Ó wá fi fọ́tò mìíràn hàn mí, ó ní ṣé mo mọ̀ ọ́n. Wálé ni. Wálé wa tó ń tẹ dùùrù, tó lọ ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú yẹn náà lọ́dún tó kọjá, tí a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ẹ rántí ohun tí a sọ. A ní ó ti dé òkè òkun, ó ti gbàgbé Ọlọ́run. Èmi náà sọ ọ́, nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì fi ṣe ẹ̀rín. A yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àdúrà. Ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù yẹn lọ́sẹ̀ tí ó rìnrìn àjò ni pé, "Ti Wálé bàjẹ́. Ẹ wá ẹlòmíràn." Ẹ̀wọ̀n ló wà láti ọjọ́ tó ti balẹ̀. Ẹrù Ìyá Tìmí ló gbé. Wọn ò tíì dájọ́ ẹ̀.

Ìyá Wálé jókòó lórí bẹ́ǹṣì kẹta, mo rí wọn. Mo lọ bá wọn nílé lọ́jọ́rú, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ láàárín èrò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, "Ó wà láàyè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bu omi wá fún mi. Láti ọdún tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà ìjọ yìí, Ìyá Tìmí ló ń mú obìnrin yẹn lọ́wọ́ lọ sórí ìjókòó ẹ̀.

Lọ́yà ti kọ ìwé sí àwọn aṣojú ìjọba wa lọ́hùn-ún, ẹ̀rí tí mo fọwọ́ sí wà nínú ẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró sì ti fi ohun tó wà lórí fóònù ránṣẹ́. Wọ́n ní ó lè gba Wálé là. Nítorí náà, ẹ dá orúkọ ẹ̀ padà sínú ìwé àdúrà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Èmi ti tọrọ tèmi lórí ìkúnlẹ̀. Kí a má sì gbé pásípọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni sínú àwo mọ́.

Ẹ bá mi yọ̀, ará. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi ohun tí mi ò mọ̀ hàn mí, imú ìyá mi ló sì lò. Ọkàn mi kún fún ọpẹ́, ó sì kún fún ìbínú, méjèèjì ni mo gbé wá síbí, kí Ọlọ́run gba èyí tó bá jẹ́ tirẹ̀. Ilé ìwòsàn yẹn ṣì ń retí mi, wọ́n ti sún ọjọ́ mi síwájú. Lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, Pásítọ̀ bi mí pé ọjọ́ wo ni, kí ìjọ lè fi àdúrà tì mí lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ máa gbàdúrà lójoojúmọ́, ó máa bọ́ sí ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí mò ń lọ, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, Màámi sì mọ̀ ọ́n. Ó ti tó.