Omi Ìkòkò Nímátù

Ẹ bá mi pa rédíò yẹn, kí ẹnìkan sì fún mi ní ìrọ̀rí kejì kí n fi gbé ẹ̀yìn dìde díẹ̀. Àúdù, má sọ fún mi mọ́ pé kí n sinmi. Mo ti ń sinmi láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí, ìsinmi ọ̀hún gan-an ló wá sú mi. Dókítà ní omi ló kún inú mi, ó ní kí wọ́n máa gbé mi bọ̀ wálé ní àdúgbò Alabar yìí, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó túmọ̀ sí tí dókítà bá ní kí wọ́n máa gbé èèyàn lọ sílé. Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí, kí gbogbo yín gbọ́ ọ: ìwọ Àúdù tí a jọ ń jókòó ní ìsọ̀ rẹ láyé ọjọ́un, ìwọ Táhírù tí mo ṣẹ̀, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá kọ́ gìtá báàsì lọ́dọ̀ mi tí ẹ ń pè mí ní Tíṣà. Nímátù, má lọ sídìí iná. Jókòó. Torí tìẹ gan-an ni mo ṣe pè wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dún 1986. Kọ́fíù, òfin kónílé-ó-gbélé ìjọba ológun, ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ilé ijó ti tún ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun èlò orin ò sí. Bí o bá wọ ọjà Kejetia láti òkè dé ìsàlẹ̀, o ò lè rí okùn báàsì tuntun kan ṣoṣo rà. Ìsọ̀ Àúdù ní Asafo, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo àwa tí a ń ta báàsì máa ń kóra jọ sí. Ọ̀rọ̀ gìtá nìkan la máa ń sọ, bí ẹni pé kò sóhun míì láyé. Ẹnìkan á ní Fẹ́ńdà ni ọba, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, Yàmáhà ló ń pẹ́ lọ́wọ́. A á jiyàn títí, ṣé àtàǹpàkò ló yẹ kéèyàn fi ta á ni àbí ìka méjì, ẹni tí kò sì ní gìtá rárá ló máa ń pariwo jù. Tèmi, káfíńtà kan ní Anloga ló fi igi wáwà tó fúyẹ́ bíi páálí gbẹ́ ẹ fún mi. Okùn tó nípọn jù lára rẹ̀, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni. Bí mo bá ta á, á máa dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn páànù, wọ́n á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Jùnáídù, lọ ṣílẹ̀kùn, àlejò dé!” Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn.

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n Táhírù fi Fẹ́ńdà kan ránṣẹ́ sí i láti Hamburg. Ó pupa fòò. Táhírù gbé e wá sí Asafo nínú aṣọ ìbora ìyá rẹ̀, gbogbo wa dìde dúró. Ó ní kí kálukú gbà á wò, kò tiẹ̀ ṣahun rárá. Ìgbà tó kàn mí, mo gbé e kọ́rùn, mo ta okùn kan péré, ohùn rẹ̀ gba àyà mi kọjá, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé n kò ní lè gbádùn tèmi mọ́ láéláé. Àúdù ní, “Ọwọ́ Táhírù ló dùn jàre, tó bá ta ti Jùnáídù gan-an á dún.” Àúdù, o ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju yẹ̀yẹ́ wọn lọ. Torí pé òótọ́ ni. Mo délé, n kò lè jẹun. Èèyàn tó ń ṣe ìlara ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀, torí ó máa ń rẹ́rìn-ín dáadáa ni.

Ẹ tẹ́tí sí èyí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ máa ń wọ inú okùn báàsì, tó bá ti pẹ́, ohùn rẹ̀ á kú. Nígbà tí tuntun ò sí, ńṣe la máa ń tú u, a á sè é nínú omi tó mọ́, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Bó bá ti hó dáadáa, a á yọ ọ́ kíá, a á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, a á fi kẹrosíìnì díẹ̀ pa á lára, a á fi kọ́ sóòrùn. Ohùn rẹ̀ á tún jí fúngbà díẹ̀. Nímátù ló máa ń bá Táhírù se tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Nímátù tó di ìyàwó mi yìí. Ó ń ta wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, lẹ́nu ọ̀nà Kejetia nígbà náà, àfẹ́sọ́nà Táhírù sì ni. Wọ́n ti pín gòrò, obì ìdána, ládùúgbò, ará Ìlọrin ni ìdílé méjèèjì, yìgì nìkan ló kù. Ìkòkò kékeré tó fi ń se ọbẹ̀ ilé ló máa ń fọ̀ fún iṣẹ́ náà.

Páà Kwaku tó ni ẹgbẹ́ orin ní Asafo ló wá kéde pé òun ń kó ẹgbẹ́ tuntun jọ tí yóò lọ Hamburg, òun sì ń wá ẹni tí yóò máa ta báàsì. Ó ní kí àwa tí a bá fẹ́ wá dán ara wa wò ní Sátidé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Táhírù ni yóò mú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a ṣe kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, Táhírù tú okùn rẹ̀, ó gbé e fún Nímátù, ó wá lọ sọ́dọ̀ Àúdù kó bá a jó wáyà kan tó tú nínú gìtá. Èmi ní mò ń lọ sílé. N kò lọ sílé. Mo yà sí agbolé Nímátù. Ó wà nínú yàrá, ó ń kírun Àsárì, mo ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìkòkò wà lórí kóòlùpọ́ọ̀tù, àdògán eléèédú rẹ̀, okùn mẹ́rin náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń hó wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Agolo iyọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́, mo dà á sí i. Mo tún bu ẹ̀kúnwọ́ kejì. Ẹni tó ń kírun lọ́wọ́ ni mo ṣe èyí sí.

Nígbà tó jáde, mo ní Táhírù ló rán mi. Mo ní, “Ó ní kó o má tíì yọ ọ́ o. Ó ní kó o jẹ́ kó sun inú omi mọ́jú.” Ó wò mí, ó ní, “Ṣé kò ní dípẹtà?” Mo ní, “Ìwọ àti òun, ta ló ń ta gìtá?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tóò.” Ó tiẹ̀ bu wáákyé fún mi, mo sì jókòó, mo jẹ ẹ́. Àsìtàgàfúrúláì. Mo jẹ ẹ́ tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, okùn náà ti ń pọ́n káàkiri ara. Táhírù nù ún, ó nù ún, kò sáyè mọ́ láti bèèrè ohun tó ṣe é, ó fà á sórí gìtá bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ Páà Kwaku, orin àkọ́kọ́ dára. Nínú orin kejì, okùn kan já pàù! Bó ṣe fẹ́ fi mẹ́ta yòókù gbé orin náà débi kan, òmíràn tún já. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Jùnáídù, jọ̀ọ́, yá mi ní tìẹ.” Páálí lásán tí wọ́n ń pè ní gìtá yẹn, tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, òun ló ń bẹ̀ mí fún. Mo dì í mọ́ra. Mo ní ó ti kàn mí láti ta, mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, ohùn tí mo ti tò yóò yẹ̀. Páà Kwaku ní, “Kafra, Táhírù,” ó bá a kẹ́dùn lédè Twi, ó sì ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Mo bọ́ síwájú. Èmi ni wọ́n mú.

Ẹ ṣì ní sùúrù, n kò tíì débi tó burú jù. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Táhírù mú okùn tó já dání, ó lọ sí agbolé Nímátù, èmi náà tẹ̀ lé e bí ọ̀rẹ́ gidi. Omi náà ṣì wà nínú ìkòkò. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. “Nímátù, iyọ̀ ni mo ń tọ́ yìí?” Nímátù ní, “Iyọ̀ kẹ̀? Níbo?” Èmi ni mo wá dáhùn. Mo ní, “Hàbà, Nímátù, ṣé kì í ṣe ìkòkò tó o fi se mómónì níjẹta nìyí?” Ẹ̀yin náà mọ bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ lára ẹja mómónì tó. Lóòótọ́ ló sè é, èmi àti Táhírù la jọ jẹ ẹ́. Nímátù ní, “Mo fọ̀ ọ́.” Mo ní, “Ṣé o fọ̀ ọ́ dáadáa?” Ó wo ìkòkò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, mo sì rí i tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Ìgbà náà ló wá rántí. Ó ní, “Jùnáídù, ṣebí ìwọ lo ní Táhírù ní kí n fi sílẹ̀ mọ́jú?” Táhírù wò mí. Mo gbọ́wọ́ sókè. Mo ní, “Wọ́láì, n kò sọ bẹ́ẹ̀.” Ọmọ alífáà ni mí, Táhírù náà mọ̀ pé bàbá mi kì í jẹ́ kí á fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré nílé wa. Bí mo ṣe búra tán, ọ̀rọ̀ parí. Ó sọ fún Nímátù pé, “O ba nǹkan mi jẹ́, o tún ń parọ́ mọ́ èèyàn.” Nímátù kàn ń fi etí ìró rẹ̀ nu inú ìkòkò náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í búra lórí ohunkóhun mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ilé Táhírù ní àwọn ò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. Hamburg ọ̀hún, a ò dé bẹ̀, wọn ò fún wa ní físà, ẹgbẹ́ sì tú ká. Táhírù gba ọ̀nà aṣálẹ̀ Agadez lọ sí Líbíà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó gbé Fẹ́ńdà pupa wá fún mi, ó ní, “Máa lò ó, ìwọ nìkan lo dúró tì mí.” Ohun tó wà lára ògiri yẹn nìyẹn. Mo gba àyè rẹ̀, mo gba gìtá rẹ̀, nígbà tó yá mo rán àwọn àgbà lọ tọrọ Nímátù. Ẹ ò rí i pé n kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Lẹ́yìn yìgì, Nímátù ní mo ṣe òun lóore, mo fẹ́ òun bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti pe òun ní òpùrọ́. Ó ní òun fẹ́ tọrọ àforíjì, ó lè jẹ́ pé etí òun ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mi òdì lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kò sí wàhálà. Mo dárí jì í, ẹ gbọ́? Èmi ni mo dárí jì í! Láti ìgbà náà, mómónì ò wọ ilé wa, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ìkòkò tí kì í fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé e kaná, ó sì ti kọ́ Àìṣátù ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Mo ń dùbúlẹ̀ síbí, mò ń gbọ́ kànrìnkàn lára ìkòkò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ń sọ pé gìtá mi dùn. Ó ti pẹ́ tí kò ti dùn létí mi mọ́.

Mo rò pé màá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí sàréè. Àmọ́ ní àná, Táhírù tó dé láti Líbíà wá kí mi. Ó kí Nímátù pé, “Ìyá Àìṣátù, ẹ kú ilé,” kò wo ojú rẹ̀. Nímátù kúnlẹ̀ síbi tó jókòó sí yẹn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn jì mí, kò dùn mọ́ mi nínú títí dòní.” Táhírù ní ó ti tán. Obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan kúnlẹ̀, èmi tí mo ṣe é dùbúlẹ̀, mò ń wò wọ́n. Ojú tì mí débi pé mo yíjú sógiri. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn. Irọ́ yìí wúwo ju àìsàn yìí lọ.

Táhírù, dìde, gbé gìtá rẹ. Tí o kò bá lè dárí jì mí, n kò ní bá ọ jà, àmọ́ gbé e lọ. Ẹ̀yin ọmọ, tí nǹkan ọ̀rẹ́ yín bá ń wọ̀ yín lójú, ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ ní, “Nǹkan rẹ yìí ń wọ̀ mí lójú o.” Á rẹ́rìn-ín, á yá yín ta. Táhírù ìbá yá mi. N kò bi í rí.

Nímátù, ó ku ẹyọ kan. Kí n tó da iyọ̀ sínú omi yẹn, mo fi ṣíbí bu díẹ̀, mo fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, mo tọ́ ọ wò. Ohun tí mò ń wá ni bóyá iyọ̀ mómónì ṣì kù níbẹ̀. Tó bá kù ni, n kì bá da nǹkan kan sí i, ìkòkò rẹ ìbá ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi. N kò rí iyọ̀ kankan. Omi lásán ni. O ti fọ̀ ọ́, Nímátù. Ìkòkò rẹ mọ́.