Kúbùsù Àgbánréré Tí Mo Pààrọ̀ ní Rolla

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò wọlé, kò jáde. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé ọmọ tí mo ṣẹ̀ ń padà sílé lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ ò sì tíì mọ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Praimárì fáìfù ni mo dé tí mo fi sá. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fojú fò ó, kì í ṣe òun ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo wá jẹ́wọ́.

Rolla ní Sharjah, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kágò ni mò ń ṣe. Mo máa ń di ẹrù àwọn èèyàn sí bélì, àpò ńlá tí à ń rán lẹ́nu, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí Èkó àti gúúsù Áfíríkà. Ìyá Kágò ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ará Pakistan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì náà ń pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn.

Ọmọ kan wà ní ìjọ wa ní Oud Metha. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sùnkànmí. Iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ló ń ṣe, bedspace ló ń gbé ní International City, àwọn mẹ́jọ nínú yàrá kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó gbé fóònù wá bá mi, ó ní kí n wo fídíò ọmọ àgbánréré kan.

Àwọn apẹran tó ń jí ìwo tà ló gé ìwo ìyá rẹ̀ láàyè. Ọmọ náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ni wọ́n bá ṣá a ládàá lẹ́yìn. Ìyá kú, ọmọ yè é. Àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà lọ́hùn-ún, wọ́n ń fún un ní mílíìkì nínú ìgò. Àwọn olóore káàkiri ayé ló ń sanwó oògùn àti oúnjẹ rẹ̀. Kúbùsù tó nípọn ni wọ́n ń wá nígbà yẹn. Òtútù ń mú ẹran náà, wọ́n sì máa ń fi kúbùsù bò ó lójú tí wọ́n bá ń fọ egbò rẹ̀, kí ẹ̀rù má bàa bà á.

Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Sùnkànmí, ṣé àgbánréré ló bí ẹ ni?”

Ó ní, “Mummy, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná.”

Mi ò wò ó. Oníbàárà ń pè mí lórí fóònù.

Pásítọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ìjọ kó kúbùsù jọ fún ẹran náà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í mú kúbùsù tuntun wá. Ogójì ni Sùnkànmí rí kó jọ. Ó fi tirẹ̀ kún un, èyí tí ìyá rẹ̀ rà fún un nígbà tó ń bọ̀. Kò tíì lò ó rí, ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìyá náà ti fi òwú pupa rán etí rẹ̀ kan kí ẹlòmíràn má bàa gbé e. Èmi sì dìde nínú ìjọ, mo ní èmi á gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí. Sùnkànmí fọwọ́ ara rẹ̀ rán ẹnu bélì náà ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́ kẹta ni oníbàárà mi kan pè láti Èkó. Ó fẹ́ ṣí hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń wá kúbùsù tó nípọn, yalla-yalla, kíákíá. Tèmi ti tán. Bélì Sùnkànmí wà níwájú mi, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó. Mo ní ẹran ni, ẹran ní irun lára. Ta ló ń da kúbùsù bo àgbò? Mo tún ní òtútù wo ló wà ní Áfíríkà? Oṣù kẹfà ni, ooru Sharjah ń yan gbogbo wa bí ẹ̀pà. Ta ló sọ fún mi pé àsìkò yẹn gan-an ni òtútù ń pa wọ́n lọ́hùn-ún?

Mo tú bélì. Mo kó kúbùsù wọn jáde fún oníbàárà náà. Mo fi àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí mi ò rí tà dípò rẹ̀, mo rán ẹnu bélì padà. Khalas, ó parí.

Kò pé oṣù kan tí ìròyìn dé. Kúbùsù náà ń ya bí ìwé. Òwú rẹ̀ ń re, ó ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Wọ́n ní láti tún egbò náà tú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òtútù tún mú ẹran náà, ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi mu mílíìkì. Wọ́n fi fọ́tò sí i. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa.

Kò ní irun! Ara rẹ̀ rí bíi bàtà àtijọ́, ìhòòhò ni, ó ká kò sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ta ló di bélì? Sùnkànmí. Ta ló kọ orúkọ àwọn tó mú kúbùsù wá? Sùnkànmí. Àwọn ará ìjọ ní ó ti kó kúbùsù gidi tà fún àwọn ará bedspace rẹ̀. Wọ́n ní kó má bá wọn gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èmi, ẹlẹ́nu bí abẹ, èmi ni mo tún sọ pé, “Ọmọ aráyé! Ẹ̀yin ẹ sáà máa wò wọ́n.”

Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ní èmi á fi kúbùsù mẹ́fà ránṣẹ́ látinú àpò ara mi. Àpò wo? Kúbùsù ìjọ náà ni! Oníbàárà mi ní Èkó ti wo fọ́tò àwọn kúbùsù náà kí n tó dì wọ́n ránṣẹ́, ó ní hòtẹ́ẹ̀lì òun ò fẹ́ èyí tó ní àwọ̀ míì tàbí àmì lára. Mẹ́fà ló kọ̀ sílẹ̀. Òun ni mo kó ránṣẹ́, mi ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń tọ́jú ẹran náà dúpẹ́ dúpẹ́, wọ́n sọ ẹran náà ní Kágò nítorí tèmi. Mo wá di Ìyá Kágò lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ ìsìn ni wọ́n ń bi mí, “Ìyá Kágò, ọmọ yín ńkọ́?” Ó kọ́kọ́ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó sú mi dé ọ̀fun. Ènìyàn wo ló ń bí àgbánréré?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, fọ́tò tuntun dé sórí WhatsApp ìjọ. Egbò ti jiná, àpá nìkan ló kù. Kágò dúró lórí koríko, ó sanra, kúbùsù wà lẹ́yìn rẹ̀. Òwú pupa wà létí kúbùsù náà, ọ̀kan nínú mẹ́fà tí mo ní mo fi àpò ara mi rà.

Ọjọ́ kejì ni Sùnkànmí gbé ẹrù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ti parí.

“Mummy, ẹ rí fọ́tò yẹn?”

“Mo rí i.”

“Kúbùsù màmá mi nìyẹn. Ó bá a mu.”

Mo ní kó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Rárá, Mummy. Ẹrù tí ẹ bá gbé lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀nà rẹ̀ máa ń jìn.” Ó sanwó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an, ó dúró tì í títí wọ́n fi gbé e sínú mọ́tò.

Ó mọ̀. Kò bú mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi sí i, kí n má purọ́. Ì bá bú mi, ǹ bá bú u padà, à bá sì parí ẹ̀!

Pásítọ̀ ti ní kí n wá sọ ìtàn Kágò níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Ìsìn ìkẹyìn Sùnkànmí nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́ níbẹ̀, ta ni yóò tún gbé ẹrù wá fún mi dì ní Rolla? Bí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ yóò gbé orúkọ olè dé ọ̀dọ̀ ìyá tó fi òwú pupa rán kúbùsù fún un. Àbí kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún un ní International City, níwájú àwọn méje tí wọ́n jọ ń gbé yàrá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ẹ sáà fi ìmọ̀ràn kún un. Ẹran yẹn ń sùn nínú kúbùsù Sùnkànmí, orúkọ tèmi ni wọ́n sì fi ń pè é.