Àtẹ Kòkó tí Mo Gùn ní Ọjọ́ Jímọ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìlọ́rò, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́rin, mi ò sì lè gbé e dé ìkórè mìíràn. Inú ìwé tí mò ń kà fún yín yìí ni mo kọ ọ́ sí, nítorí gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí mo bá dúró níwájú ènìyàn mẹ́ta péré, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Èmi Olúrántí, ọmọ-ọmọ Bàbá Tíṣà Dúrótoyè, ni mo ba kòkó ìkọ́lé ìjọ yìí jẹ́. Kì í ṣe Wàhábì. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Bí mi ò bá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé ìkà ló mú mi ṣe é, bẹ́ẹ̀ adùn ló mú mi ṣe é, adùn tó pọ̀ ju ara mi lọ.

Ẹ rántí pé mi ò kàwé bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mú mi dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sunkún láìdún, títí Bàbá àgbà fi ní, “Ẹ gbé sílétì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.” Ẹ̀gbẹ́ àga wọn ni mo ti kọ́ ìwé àti ìṣirò, ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ń wá kí wọn. Mi ò kì í dá sí i. Àwọn àlejò á ní, “Bàbá Tíṣà, ṣé ọmọ yìí ní ẹnu?” Bàbá àgbà á ní, “Ó ní in, ó ń tọ́jú rẹ̀ ni.”

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ibì kan wà tí mo ti ń pariwo. Àbúrò bàbá mi, Àǹtí Morẹ́nikẹ́, ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ọgbà ìṣeré ńlá kan ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn. Ojú ọ̀nà gan-an ni adùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí mọ́tò wa bá ti gba Àrámọkọ kọjá, tó dé òkè Ẹ̀fọ̀n, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn kọ́nà wọ̀nyẹn, àwọn ìyá á máa pe Jésù, èmi á máa rẹ́rìn-ín sínú ìborùn mi. Lẹ́yìn náà ni ọgbà, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ orí irin tí wọ́n ń pè ní rólà-kósítà. Ẹ̀yin tí ẹ kò gùn ún rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Wọ́n á fi irin dè yín ní ìbàdí. Ó á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kà-kà-kà-kà, ẹ ó máa wo páànù ilé Ìbàdàn nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pupa. Bó bá dé téńté, ó á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn náà, ó á já. Inú yín á ṣẹ́kù sókè, ẹ̀yin á ti dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń ké tí ẹnikẹ́ni kò bá mi wí, torí gbogbo wọn ló ń ké.

Mo ti gùn ún ju ogójì ìgbà lọ, mo sì ní èrò tèmi nípa rẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú kàn ń wòran ni. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló dára jù, nítorí iwájú á ti já, á wá fa ẹ̀yìn lọ lójijì. Mo ti gun ti Èkó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yá ju ti Ìbàdàn lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọn ọrùn ènìyàn, òkè rẹ̀ kò sì ga tó. Àwọn mọ́tò kékeré tó ń kọlu ara wọn, ti àwọn ọkùnrin tó fẹ́ jà ni. Àgbá ńlá tó ń yí lókè, ti àwọn tó ń fẹ́ra ni. Èmi, ọkọ̀ orí irin nìkan. Bí mo bá padà sí Ìlọ́rò, ara mi á ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ mọ àtẹ ìsákòkó Bàbá àgbà lóko ọ̀nà Ìjurìn. Pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó ń yí lórí irin gbọọrọ méjì. Bí oòrùn bá ràn, wọ́n á tì í síta. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á tì í padà sábẹ́ páànù. Wàhábì Oyèlékè, ará Ìwó, ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún tí gbogbo ilé dá kòkó jọ láti fi kan òrùlé ìjọ tuntun, orí àtẹ yẹn ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí, torí kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wàhábì kì í fi í ṣeré. Lọ́jọ́ Jímọ́, kó tó lọ kírun ní Ìjerò, oòrùn ìbáà máa jó, ó á ti ti àtẹ náà wọlé, ó á sì gbé òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí i tó ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mo rí i tó ṣe é ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe yà lọ, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi Bọ́sẹ̀ pé, “Wá, kí n fi Ìbàdàn hàn ọ́.” A gbé òkúta kúrò. A gun orí kòkó, a fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀. Ó rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ títí dé ibi èèkàn irin tó wà nípẹ̀kun, ó dúró gbì. Bọ́sẹ̀ ní, “Ṣé èyí náà ni gbogbo ariwo rẹ? Ìyá àgbà mi yá jù báyìí lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. A tì í padà, a làágùn. Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́yìn èèkàn, ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sí odò, mo sì wo àwọn pákó òrùlé tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bọ́sẹ̀ fẹ́ ká máa lọ sílé, ó ní, “Rántí, jẹ́ á rulé.” Èmi ni mo fa èèkàn náà yọ. Èmi ni mo to pákó náà láti ìpẹ̀kun irin lọ sísàlẹ̀. Ẹ má dá Bọ́sẹ̀ lẹ́bi.

Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ni mo wá ṣe. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àtẹ náà kúrò lórí irin, ó bọ́ sórí pákó, afẹ́fẹ́ gba gèlè lórí mi, kòkó ń fò bí òjò, mo sì ké ní oko Ìlọ́rò bí mo ṣe ń ké ní Ìbàdàn. Kò ju kí ènìyàn ka ení dé àrún lọ. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kan yọ, ó dojú dé, a bá ara wa nínú ewé kókò, à ń rẹ́rìn-ín. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òjò ṣú láti apá Èrìjìyàn. A ti àtẹ, kò mira. A já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó, ẹ̀fúùfù kó o lọ. A da àwọn pákó sínú igbó, a sì sá. Gbogbo ohun tí ìjọ yìí ṣiṣẹ́ lé lórí di ẹlẹ́bu, kòkó tó bu tí ẹnikẹ́ni kì í rà.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé ìjọ, níbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ẹnìkan ní, “Ẹni tó ń sáré lọ kírun, ṣé kòkó ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rò? Ó fi í síta tí ìjì fi gbé e lọ, ó fi ṣe wá léṣe ni.” Wàhábì yọ fìlà. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, mo tì í wọlé, mo gbé òkúta sí i. Ẹ bi Rántí. Ó wà lóko lọ́jọ́ náà, kì í sì í purọ́.” Èmi ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo la ẹnu tí mò ń tọ́jú láti kékeré, mo ní, “Mi ò rí i kó tì í wọlé.” Bàbá àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti parí.” Bàbá àgbà lé Wàhábì kúrò lóko, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi kó ẹrù. Rùkáyàt, ọmọ rẹ̀, fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kẹta sílẹ̀ ní Ìjerò, kò sì padà sí kíláàsì kankan mọ́.

Ní oṣù Ògọ́sítì tó kọjá, mo tún wà ní Ìbàdàn. A gòkè, kà-kà-kà, iná lọ. Ọkọ̀ dúró ní téńté, kò já, kò padà, atẹ́gùn sì ń mì í. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ka Orin Dáfídì. Èmi la ẹnu láti gbàdúrà, orúkọ Wàhábì ló jáde. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń pè é. Nígbà tí wọ́n fi àtẹ̀gùn sọ̀ wá kalẹ̀, mi ò dúró jẹun, Ìwó ni mo wọkọ̀ lọ. Mo bá a tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ní, “Rántí, o sọ̀rọ̀ lónìí o. Ibi tó dúró sí yẹn, ṣé ó ga?” Mo ní, “Ó ga gan-an, bọ̀ọ̀dá.” Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn náà, kò ṣàwàdà mọ́, ó ní: “Ibi tí o ti ba orúkọ mi jẹ́ ni kí o ti tún un ṣe. Má fi rán ẹnì kankan. Mo máa wà nítòsí láti gbọ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ gun ọkọ̀ náà bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fi yín ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú bá yín dáhùn. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìjọ yìí. Ìyà tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi jẹ mí.

Wàhábì wà lábẹ́ igi máńgòrò níta báyìí, òun àti Rùkáyàt. Ó ní òun kò ní wọlé àfi bí ẹni tó lé òun bá pe òun. Bàbá àgbà, ẹ̀yin ni. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín. Ẹ di èjìká mi mú, ká jọ lọ pè é.