Agbọ̀n Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tíì Gbé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀rí ni mo dìde láti jẹ́, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi.

Ọ̀sán àná, nígbà tí mo gbàdúrà ààwẹ̀ tán nídìí ààrò tí mo ti ń yan ẹja, mo gbé orí lé àpótí, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí, ó ní, "Màmá Ṣọlá, dìde, ká lọ."

Ibi tútù kan la kọ́kọ́ dé. Ìyá Dúpẹ́ tí a sin lọ́dún tó kọjá ni mo rí létí omi tó mọ́ gaara, ẹja ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti fún Dúpẹ́ ọmọ mi ní oúnjẹ tí ìjọba ní ká fi bọ́ ẹja, tó wà ní sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ẹja?" Ojú tì mí, mo wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo rí adágún ẹja lọ bẹẹrẹ, omi inú wọn ń hó, àwọn ènìyàn ń fi agbọ̀n kó ẹja àrọ̀ láti inú ọ̀kan sínú èkejì, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣubú, ẹ̀gún àrọ̀ ń gún wọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀, áńgẹ́lì kan ń pariwo pé, "Ẹ tún kó wọn wá ká wò wọ́n!"

Mo ní, "Ta ni wọ̀nyí?"

Amọ̀nà mi ní, "Wọn ò sin ẹja kankan. Wọ́n yá ẹja ẹlẹ́ja lọ́jọ́ tí aláyẹ̀wò ìjọba wá ka ẹja, kí wọ́n lè gba oúnjẹ ẹja tí ìjọba fowó kún fún mẹ̀kúnnù."

Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ̀. Ẹja kan náà ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kiri àdúgbò wa bí aláyẹ̀wò bá ti ń bọ̀. Bí oúnjẹ bá dé tán, wọ́n á tà á fún olówó, èyí tó wà lọ́jà á sì di ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ebi ṣe ń pa ẹja àwọn tó ń sìn ín lóòótọ́, bíi ti Ìyá Dúpẹ́. Ìbànújẹ́ ló pa Ìyá Dúpẹ́, ẹ má pè é ní àìsàn fún mi mọ́.

Mo rí aláyẹ̀wò kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò lè padé, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Amọ̀nà ní, "Ó rí i, ó mójú kúrò."

Nínú adágún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àrọ̀ ń jẹ ara wọn. Amọ̀nà ní, "Ebi ló ń pa ẹja. Kí ló ń pa ẹ̀yin?"

Agbọ̀n tuntun kan sì wà nílẹ̀. Mo ní ta ló ni ín. Ó ní, "Ẹni tó ti oúnjẹ mọ́lé, tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò wá jọ́sìn."

Mo ta jí. Ẹja mi ti jóná lórí ààrò.

Alága ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ẹja, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú yẹn, ẹ má wolẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹ̀yin ṣì ń gbọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àrọ̀ Dúpẹ́ ń jẹ ara wọn nílé. Ọmọ náà ló jókòó lẹ́yìn yín. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ túká. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbé agbọ̀n yẹn.