Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ Nítorí Jẹ́sì Súlè

Tọ́pẹ́, dé bírò yẹn ná. Jókòó. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Bí fóònù yẹn bá ń gba ohùn mi sílẹ̀, kó máa gbà á. Mi ò ní nǹkan tí mò ń fi pa mọ́ mọ́.

O ní lọ́yà ẹni tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ẹ, pé o ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sára aṣọ, o ń tà á. O ní kí n bá ẹ fi òyìnbó tó dáa kọ lẹ́tà, kí n sì tẹ̀ lé ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dáa. Ẹ gbọ́ èyí ná.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, tí mo lè rìn láti Adébáyọ̀ dé pápá ìṣeré láì mí gúlegúle, ìlú ló ni bọ́ọ̀lù. Ìlú ni mo wí o! Kò sí olówó kankan tó ń pe ẹgbẹ́ ní tòun. Àwa tísà là ń ra bàtà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìrẹsì Ìgbẹmọ làwọn ìyá ń sè fún wọn lẹ́yìn eré, òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń dún léyín, ta ló bìkítà? Lónìí ńkọ́? Ẹ̀ ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ ń sunkún nítorí ẹgbẹ́ ìlú tẹ́ ò dé rí.

Súlè ló ń rán jẹ́sì wa. Súlè télọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Adébáyọ̀, ó kọjú sí títì. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ọmọ mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí mi ti rí Súlè. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, ọrùn funfun, òkè mẹ́ta láyà. Òun fúnra rẹ̀ ló ya òkè mẹ́ta yẹn sórí páálí, tó gé e, tó ń fi ya òkè náà sára aṣọ. Ṣé ó wá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ni? Òkè tí gbogbo wa bá níbẹ̀! Ta ní máa ń forúkọ òkè sílẹ̀?

Ìgbà tó yá, olówó kan ti Èkó dé. Ó ní òun fẹ́ràn wa, òun fẹ́ gba ẹgbẹ́ náà, kí òun tún un ṣe. A pàtẹ́wọ́ fún un... èmi gan-an pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, ó yọ orúkọ ìlú kúrò, ó fi orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ó sọ àwọ̀ ewé di pupa. Kò tíì tó o, ó ní ìlú mìíràn làwọn ọmọ wa á ti máa gbá bọ́ọ̀lù, pé pápá ibẹ̀ dáa ju tiwa lọ.

Inú bí wa gan-an. Lọ́jọ́ tó kó àwọn àlejò rẹ̀ wá wo eré tó kẹ́yìn ní pápá wa, gbogbo wa wọ jẹ́sì Súlè. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè báyìí, a yí ẹ̀yìn sí pápá. Gbogbo wa pátá. A ò wo eré yẹn rárá, ògiri là ń wò, à ń kígbe pé, "Ẹ dá orúkọ ulú wa padà!" Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tá a kọ sí i yẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé jẹ́sì pupa tó kó wá tà ń gba eruku, tí ti Súlè ò sì kárí wa.

Nígbà tó ṣe, ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù Súlè. Ìwé lọ́yà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní olówó yẹn ti lọ fi orúkọ ẹgbẹ́ àtijọ́ àti òkè mẹ́ta náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, tiẹ̀ ni, bí kò tiẹ̀ lò ó, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ lò ó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n kó aṣọ tó ti gé. Súlè dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Tísà, uṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń pè ní ayédèrú?"

Kí ni èmi sọ? Mo ní ká lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bá a ṣe ń ṣe níbí. Bí èèyàn ńlá bá bínú, a kì í kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó jàre. Ẹ dọ̀bálẹ̀ ná. Tí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀, ọ̀rọ̀ á wá dé. Súlè ní òun ò lọ. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tí mo fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí?" Mo ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Mo ní ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Mo sọ ọ́ títí ó fi gbà.

Èmi ni mo fi òyìnbó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà. Mo fẹ́ kó dùn, ṣẹ́ ẹ rí i? Bí èèyàn bá ṣe rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó ni ẹ̀bẹ̀ ṣe ń wọlé tó. Mo kọ ọ́ pé òun Súlè mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Pé òun jí ohun olóhun lò. Pé kí wọ́n ṣàánú òun. Súlè ò gbọ́ òyìnbó. Ó bi mí pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀bẹ̀ ni." Ó fọwọ́ sí i.

A lọ. A dọ̀bálẹ̀, tèmi ti ewú orí mi. Olówó náà fúnra rẹ̀ ló fà wá dìde, ó ní kí wọ́n gbé mínírà tútù fún wa. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ó ti tán." Súlè rẹ́rìn-ín lọ́nà ilé lọ́jọ́ yẹn.

Kò tán. Ìwé ìpẹ̀jọ́ dé. Lẹ́tà mi ni lọ́yà wọn kọ́kọ́ kà ní kọ́ọ̀tù. Ọmọbìnrin kan, lọ́yà kékeré, ló dúró fún Súlè, ó ti ṣètò àwọn àgbàlagbà tí yóò jẹ́rìí pé òkè mẹ́ta ti wà láyà wa kí olówó tó dé. Nígbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn, ó yíjú sẹ́yìn. "Ta ló kọ èyí fún bàbá yìí?" Mo jókòó. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Ògbufọ̀ wá túmọ̀ rẹ̀ fún Súlè ní Yorùbá, pé òun alára ló sọ pé òun jalè. Súlè ò wo adájọ́. Èmi ló ń wò.

Wọ́n dá a lẹ́bi. Wọ́n dáná sun àwọn aṣọ náà. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi máa padà, ó ti dípẹtà. Síìpù tó já ló wá ń tún ṣe. Ó ṣì ń kí mi lójú títì o, ṣùgbọ́n kò wá sílé mi mọ́ títí tó fi kú.

Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ dìde, Tísà. Ẹ̀bẹ̀ yín ló bá wa dé ibi tá a wà yìí."

Hùn... Láyé ìgbà tiwa, ẹni tó bá gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ti dárí jì ọ́ nìyẹn. Àwọn ti ìsinsìnyí á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì. Tọ́pẹ́, lọ wá lọ́yà tìẹ. Bó o bá pàdé ẹni tó ni ẹgbẹ́ tó pè ẹ́ lẹ́jọ́ yẹn, kúnlẹ̀ kí i, ọmọ tá a kọ́ ni ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ kọ lẹ́tà kankan.

Bó bá jẹ́ dandan ni kí bírò yẹn kọ nǹkan lónìí, kọ ọ́ pé Súlè télọ̀ kò jalè. Kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ ọ́ pé ó jalè. Gbé e wá kí n fọwọ́ sí i.