Páìpù Antẹ́nà Ilé Fákúnlé

Abdulrauf, tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá òun wọ sàréè, àfi kí òun sọ ọ́ lónìí. Kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, agbára káká ló fi ń sọ̀rọ̀. Yéjídé, opó Fákúnlé, wá láti Ilare n'Ífẹ̀; Awódélé, oníṣẹ́ iná, wọkọ̀ láti Ìpetumodù. Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn, torí ó di ọdún mẹ́rin tí gbogbo àdúgbò ti gbà pé wáyà iná tí Awódélé fà sílé Fákúnlé ló pa á.

"Màmá, kì í ṣe Awódélé ló pa Bàbá. Èmi ni."

Ó ní nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ilé Fákúnlé kò mú àwòrán dáadáa, òun so búsítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún àwòrán lágbára, mọ́ antẹ́nà lórí páìpù irin. Inú wáyà antẹ́nà kan náà ni iná búsítà ń gbà gòkè, láti inú àpótí kan tó ń sọ iná ilé di kékeré. Àpótí ọ̀hún jó. Dípò kí òun ní kí wọ́n dúró títí òun yóò fi rí òmíràn, òun to ọ̀kan fúnra òun láti ara àlòkù rédíò, èyí tí kò ya iná ilé kúrò lára wáyà, tí iná fi lè gba ibẹ̀ dé ara páìpù irin. "Mo mọ̀ pé ó léwu. Mi ò fẹ́ kí ẹ pe ẹlòmíràn ni. Àwòrán mọ́ kedere, ẹ tún gbàdúrà fún mi."

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn òjò àárọ̀, ó padà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Yéjídé ti lọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni. Fákúnlé ló bá nílẹ̀ nídìí páìpù, láìwọ bàtà. Antẹ́nà ló fẹ́ yí tí iná fi gbé e. Abdulrauf sáré wọlé, ó fa àpótí náà yọ, ó tì í sápò. Ó gun àkàbà, ó tú búsítà, ó so wáyà padà. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ figbe ta. Nígbà tí èrò pé, òun náà ló ní, "Ẹ lọ wo wáyà Awódélé."

Awódélé mi orí. "Ìyàwó mi kó jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, Rauf. Ìwọ lo bá mi gbé ẹrù dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo kúrò n'Ífẹ̀."

Yéjídé bi Abdulrauf pé, "Nígbà tí o ń gun àkàbà, ṣé ó ti kú?"

Abdulrauf di ojú rẹ̀. "Ó ń mí, Màmá. Ó pe orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Yéjídé yí sí Awódélé, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú bó ti dàgbà tó.

"Mo ṣépè fún ọ lójú gbogbo ayé," ó ní. "Dárí jì mí."